Súùtù Méjì Lọ́wọ́, Alátakò Ti Ṣí 1♦: Ṣé Kí N Pè Ni Àbí Kí N Páàsì?

Ká sọ pé bridge lẹ̀ ń ta: ẹ kó káàdì mẹ́tàlá yín nílẹ̀, ẹ tò wọ́n tán, ẹ wá rí i pé márùn-ún jẹ́ ♠, márùn-ún jẹ́ ♥, mẹ́ta tó kù kàn wà níbẹ̀ ṣáá ni. Ara ti ń yá yín nìyẹn. Ẹni tó jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún yín bá ṣí 1♦. Ó wá kàn yín báyìí, ẹ pè ni àbí ẹ páàsì, tẹ́ ẹ bá sì máa pè, ṣé súùtù kan lẹ máa kọ́kọ́ dárúkọ ni àbí méjèèjì lẹ máa gbé síta lẹ́ẹ̀kan náà?

Àwa kan máa ń ta bridge nílé kan nítòsí Ìta Ẹlẹ́wà ní Ìkòròdú níbí, ìrọ̀lẹ́ Sunday, tábìlì kan tàbí méjì, ìta gbangba la sì máa ń gbé e lọ tí NEPA bá ti múná lọ, kò sì sí ọ̀rọ̀ tó ń dá aáwọ̀ sílẹ̀ láàárín wa tó èyí. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ Michaels (ẹ má jáyà, mo máa ṣàlàyé ẹ̀) kì í lè mú un mọ́ra, 5-5 tó bá ti wọlé báyìí wọ́n ti fi hàn, bó dáa bó burú. Àwọn àgbà tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀ ní tiwọn á ní póìǹtì ò tó, ẹ páàsì jàre, bẹ́ẹ̀ ìgbà míì wà tí ọmọdé kan máa fi póìǹtì mẹ́sàn-án péré gba ọwọ́ yẹn mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n á kàn máa wò ó. Lójú tèmi ìbéèrè kan ló wà nídìí gbogbo ẹ̀: ta ló máa ta ọwọ́ yìí nígbẹ̀yìn, àwa ni àbí àwọn? Tó bá jọ pé àwa ni, ẹ fi súùtù méjèèjì hàn kí pátínà lè rí èyí tó máa mú. Tó bá jọ pé àwọn ni, gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá ti sọ, àwọn lẹ sọ ọ́ fún.

Fún ẹni tí ò tíì ta á rí, kí n yára sọ ọ́. Èèyàn mẹ́rin, káàdì 52, kálukú gba 13, ẹni tó kojú sí yín ni pátínà yín, àwọn méjì tó wà lọ́tùn-ún lósì ni alátakò. Súùtù mẹ́rin ló wà, kílọ́ọ̀bù ♣ ló kéré jù nínú ìpè, dáyámọ́ńdì ♦ lé e, háàtì ♥ lé ìyẹn, sípéèdì ♠ ló wá ga jù, àmọ́ NT, ìyẹn ká ta á láìsí tírọ́ńpù (súùtù tó ń jẹ àwọn yòókù) kankan, tún ga ju gbogbo wọn lọ. ♠ àti ♥ ni wọ́n ń pè ní major, ♦ àti ♣ ni minor. Tẹ́ ẹ bá pe 1♠, ẹ̀ ń sọ pé ẹgbẹ́ yín máa jẹ tíríìkì (káàdì mẹ́rin, ẹyọ kan láti ọwọ́ kálukú) méje nínú mẹ́tàlá tí ♠ bá jẹ́ tírọ́ńpù, torí mẹ́fà àkọ́kọ́ wọn kì í kà á. 2♠ jẹ́ mẹ́jọ, 4♠ jẹ́ mẹ́wàá, ìyẹn sì ni géèmù tí ẹ̀bùn ńlá wà lórí ẹ̀. A jẹ́ póìǹtì 4, K 3, Q 2, J 1, gbogbo páálí jẹ́ 40. Ẹni tó bá ní bíi 12 ló sábà máa ń ṣí ìpè. Tí alátakò bá ti ṣí i, tí ẹ̀yin náà wá pe tiyín lé e lórí, overcall nìyẹn.

Súùtù méjì tí mo ń wí, 5-5 ni, ó kéré tán. 5-4 ò sí lára ẹ̀ o. Mo ń tẹnu mọ́ ọn torí pé ojoojúmọ́ lẹ máa rí 5-4: 5-4-3-1 nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọwọ́ 13 nínú ọgọ́rùn-ún, 5-4-2-2 tún lé ní 10, nígbà tí 5-5-2-1 ò ju bíi 3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, 5-5-3-0 ò tiẹ̀ pé ẹyọ kan. Ẹni tó bá ń fi 5-4 ṣe bí ẹni ní 5-5, pátínà ẹ̀ máa gbà á gbọ́, á fi mẹ́ta tiẹ̀ mú èyí tí ẹ ní mẹ́rin, tírọ́ńpù yín di méje péré, àwọn alátakò ní mẹ́fà, tí wọ́n bá dọ́bù yín níbẹ̀ (ìyẹn ni pé ìyà yín á pọ̀ sí i tẹ́ ẹ bá ṣubú, tí tíríìkì yín ò tó iye tẹ́ ẹ pè) kò sí ibi tẹ́ ẹ fẹ́ sá gbà.

Ó dáa, ẹ wo ọwọ́ méjì yìí, ká sọ pé 1♦ ni ẹni ọwọ́ ọ̀tún ṣí:

♠ KQJ94 ♥ QJ1083 ♦ 4 ♣ 62

♠ J8653 ♥ 109752 ♦ KJ ♣ A

Ẹ ka póìǹtì wọn. Mẹ́sàn-án ni ti àkọ́kọ́, mẹ́sàn-án ni ti ìkejì. Méjèèjì jẹ́ 5-5-2-1. Tẹ́ ẹ bá fún kọ̀ǹpútà tó jẹ́ pé kíkà nìkan ló mọ̀, á ní ọgbọọgba ni wọ́n. Irọ́ ni o. Nínú ti àkọ́kọ́, gbogbo póìǹtì ló wà nínú súùtù tó gùn, wọ́n sì so mọ́ra wọn, K, Q, J tẹ̀ léra, Q, J, 10 tẹ̀ léra. Ẹ fún pátínà ní nǹkan díẹ̀ báyìí: ♠ A1063 ♥ K5 ♦ 8752 ♣ 874. Póìǹtì méje ni, òun fúnra ẹ̀ ò ní lájorí ẹ̀. Àpapọ̀ yín jẹ́ 16, àwọn alátakò ní 24. Síbẹ̀ tí ♠ bá jẹ́ tírọ́ńpù, kí lẹ máa pàdánù? ♦ kan, ♣ méjì, A♥ kan, ó tán, ayàfi tí káàdì bá pín lọ́nà burúkú. Tíríìkì mẹ́sàn-án nìyẹn, 3♠, pẹ̀lú 16 nínú 40.

Ẹ wá bọ́ sórí ìkejì. ♠ tí J jẹ́ olórí ẹ̀, ♥ tí 10 jẹ́ olórí ẹ̀, tí ẹ bá fi irú ẹ̀ ṣe tírọ́ńpù àwọn ni wọ́n á máa fà á fún yín. Àmọ́ ẹ wo KJ ♦ yẹn: ẹni tó ṣí 1♦ wà lọ́tùn-ún yín, ó ń ta káàdì ṣáájú yín, nítorí náà ẹ̀yin lẹ̀ ń dúró dè é lẹ́yìn. Káàdì ìdènà nìyẹn. A♣ náà ìdènà ni. Ọwọ́ yìí ń sọ pé ẹ jẹ́ kí wọ́n ta á, kẹ́ ẹ fi K, J àti A yẹn gba tíríìkì lọ́wọ́ wọn. Páàsì ni tèmi, mi ò sì ní ronú lé e lórí. Kẹ́ ẹ sì má ronú pẹ́ kẹ́ ẹ tó páàsì náà o, torí tẹ́ ẹ bá mu omi, tẹ́ ẹ wo òkè, tẹ́ ẹ wo ilẹ̀, kẹ́ ẹ tó wá ní páàsì, ẹ ti sọ fún pátínà pé nǹkan kan wà lọ́wọ́ yín, òfin ò sì gbà kó lo irú ìròyìn bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo máa ń wò ṣáájú póìǹtì nìyẹn, ibo ni okun wà? Tó bá wà níbi tí gígùn wà, ọwọ́ ìpè ni. Tó bá wà nínú méjì tó kúrú, ẹ fi pamọ́.

Ó kan irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe é. Michaels ni ti àkọ́kọ́, Michael Michaels ará Miami Beach ní Amẹ́ríkà ló gbé e kalẹ̀. Súùtù tí alátakò ṣí gan-an lẹ máa pè padà. Ó máa kọ́kọ́ jọ pé orí yín ti dàrú, àmọ́ ẹ rò ó wò, ta ló fẹ́ fi súùtù ọ̀tá ṣe tírọ́ńpù? Ìpè yẹn ò wúlò fún nǹkan míì, ni wọ́n bá fún un níṣẹ́. Wọ́n ṣí 1♣, ẹ pe 2♣, wọ́n ṣí 1♦, ẹ pe 2♦: major méjèèjì lẹ ní, ♠ márùn-ún ♥ márùn-ún. Wọ́n ṣí 1♥, ẹ pe 2♥: ♠ lẹ ní àti minor kan tẹ́ ò tíì dárúkọ. Wọ́n ṣí 1♠, ẹ pe 2♠: ♥ àti minor kan. Tí pátínà bá fẹ́ mọ minor náà, á pe 2NT, ẹ ó sì dárúkọ ẹ̀ fún un ní ìpele kẹta. Irinṣẹ́ kejì ni 2NT téèyàn fò pè lójijì lé ìpè wọn, Alvin Roth ọmọ Amẹ́ríkà ni wọ́n sábà máa ń sọ pé ó mú un wá ní nǹkan bíi ìparí àwọn ọdún 1940. Súùtù méjì tó kéré jù nínú mẹ́ta tí wọn ò tíì pè ló ń fi hàn. Lórí major, ♣ àti ♦ ni. Lórí 1♦, ♣ àti ♥. Lórí 1♣, ♦ àti ♥. Ibi tí ♣ àti ♦ ti yí padà yìí ló ń da àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ láàmú, wọ́n á há minor méjèèjì sórí, alátakò á ṣí 1♣, wọ́n á gbàgbé.

Kì í ṣe àṣírí o. Tẹ́ ẹ bá pe 2♦ tó túmọ̀ sí major méjì, ní ọ̀pọ̀ ibi pátínà gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àwọn alátakò mọ̀ pé ìpè yẹn ní ìtumọ̀ mìíràn, tí wọ́n bá sì bi í, á ṣàlàyé ẹ̀ fún wọn kedere. Bridge ò gba àrokò. Ẹni tó bá ní àdéhùn ìkọ̀kọ̀ pẹ̀lú pátínà ẹ̀, ojú olè ni wọ́n fi ń wò ó, kárí ayé.

Ẹ ṣe àkíyèsí pé irinṣẹ́ méjèèjì yìí ò gba gbogbo ẹ̀. Wọ́n ṣí 1♣, ẹ ní ♠ àti ♦. 2♣ ò bá a mu, 2NT ò bá a mu. Wọ́n ṣí 1♦, ẹ ní ♠ àti ♣, bákan náà. Níbẹ̀ yẹn ẹ pe 1♠ lásán, tí ààyè bá ṣì wà kẹ́ ẹ dárúkọ ìkejì. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Pierre Ghestem, gbìyànjú láti dí ihò yẹn, ó ní kí oríṣi súùtù méjì kọ̀ọ̀kan ní ìpè tiẹ̀, títí kan 3♣. Ọ̀gá ni o, ó gba ipò kìíní lágbàáyé nínú dráfù, ó tún gbà á nínú bridge, ẹ rò ó wò. Àmọ́ àwa yòókù kì í ṣe Ghestem, ohun tó sọ ètò ẹ̀ di olókìkí jù ni bí àwọn èèyàn ṣe máa ń gbàgbé ẹ̀: ẹnì kan á ní ♣ mẹ́fà tó gbóná, á pe 3♣ torí pé ♣ ló ní, pátínà ẹ̀ á sọ fún gbogbo tábìlì pé major méjì ni. Ẹ má gbé e wá sí Ìta Ẹlẹ́wà, mo bẹ̀ yín.

Ibi tó ta kókó jù rèé, agbára. Àwọn kan gbà pé kí ọwọ́ tó máa fi súùtù méjì hàn lẹ́ẹ̀kan náà jẹ́ kékeré, bíi 6 sí 11, tàbí kó jẹ́ ńlá, 17 lọ sókè, kó má jẹ́ èyí tó wà láàárín. Wọ́n ní ìdí. Tó bá kéré, ẹ ti sọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ ní nínú ìpè kan ṣoṣo, pátínà á mú ọ̀kan, ẹ ó dákẹ́. Tó bá tóbi, pátínà á mú ọ̀kan, ẹ ó tún pè, òun náà á ti mọ̀ pé èèyàn kékeré kì í pè lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ẹ mú ♠ AJ1085 ♥ KQ974 ♦ 6 ♣ K3. Póìǹtì 13. Ẹ pe 2♦, pátínà ní 2♥, kí lẹ máa wá ṣe? Tẹ́ ẹ bá páàsì, ó lè jẹ́ pé géèmù wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbé e sókè, á rò pé 18 lẹ ní, á gbé e lọ sí 4♥, ẹ ó jọ ṣubú. Nítorí náà wọ́n ní kẹ́ ẹ pe 1♠, èyí tó ga jù nínú méjèèjì, tó bá tún yí dé ọ̀dọ̀ yín kẹ́ ẹ wá pe ♥. Ìdí tó fi jẹ́ pé èyí tó ga lẹ máa kọ́kọ́ pè ni pé tẹ́ ẹ bá pe ♥ lẹ́yìn ♠, pátínà lè páàsì tàbí kó padà sí ♠ ní ìpele kan náà, kò ní gun òkè. Ẹ wò ó: 1♠, lẹ́yìn náà 2♥, tí ♠ bá wù ú ju ♥ lọ, 2♠ ṣì ni. Tó bá jẹ́ ♥ lẹ kọ́kọ́ pè, tẹ́ ẹ wá pe 2♠, tí pátínà bá fẹ́ ♥, ó di 3♥.

Àlàyé yẹn dùn létí, mi ò sì ní sọ pé irọ́ ni. Àmọ́ àwọn alátakò kì í dúró. Ẹ pe 1♠, ẹni ọwọ́ òsì fò lọ sí 3♦, pátínà páàsì, wọ́n páàsì, ó wá kàn yín, ♥ márùn-ún yẹn ṣì wà lọ́wọ́, pátínà ò mọ̀ nípa ẹ̀ rárá, ìpele kẹta lẹ sì ti fẹ́ dárúkọ ẹ̀ báyìí. Bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ pé mẹ́rin ni pátínà ní níbẹ̀. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé tó bá jẹ́ major méjèèjì ni, èmi máa fi hàn lẹ́ẹ̀kan náà, kó kéré kó wà láàárín, torí ìpele kejì ni pátínà ti máa mú, kò sí ewu púpọ̀, bẹ́ẹ̀ géèmù major ò jìnnà. Tó bá jẹ́ ♠ àti minor kan ni mo ní lórí 1♥, tó wà láàárín, 1♠ ni tèmi, torí 2♥ níbẹ̀ á ti pátínà tí ò ní ♠ lọ sí ìpele kẹta, nínú minor tí òun ò tiẹ̀ tíì mọ̀. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa ò gbà, kò burú. Ohun tí ò dáa ni kí èmi àti pátínà mi má tíì sọ ọ́ kí á tó jókòó.

Minor méjèèjì ni èyí tí mo máa ń bẹ̀ àwọn èèyàn lé lórí. Wọ́n ṣí 1♠, ẹ ní ♠ 8 ♥ 74 ♦ Q9754 ♣ K8643, ẹ ní 2NT, torí pé wọ́n kọ́ yín. Ìpele kẹta ni pátínà máa wà, ó kéré tán, póìǹtì márùn-ún lẹ ní, súùtù yín ló kéré jù nínú gbogbo súùtù, àwọn alátakò sì ní ♠, ó ṣeé ṣe kí wọ́n tún ní ♥. Ta ló máa ta ọwọ́ yìí? Àwọn ni. Wọ́n bá gun 4♠ lọ, ẹ páàsì, ó parí. Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta á. Wọ́n ní ♠ mẹ́sàn-án láàárín ara wọn, A àti K wà lọ́wọ́ wọn, Q ò sí. Mẹ́rin ló kù síta. Lọ́jọ́ míì, ẹni tó ń ta á máa gbá A, á gbá K, á máa retí pé Q á jábọ́, ohun tí wọ́n kọ́ gbogbo wa nìyẹn nípa tírọ́ńpù mẹ́sàn-án. Pátínà yín tó ní Q àti kékeré méjì ìbá sì ti gba tíríìkì kan níbẹ̀, wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ti ní 2NT. Ẹ ti sọ fún un pé káàdì mẹ́wàá yín wà nínú minor, mẹ́ta péré ló kù fún ♠ àti ♥. Á gbá A lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó jù 8 yẹn sílẹ̀, á wá yíjú sí pátínà yín, á ta kékeré lọ sápá ibẹ̀, á mú Q yẹn láàyè. Bí ẹni tan tọ́ọ̀ṣì fún olè kó lè rí ọ̀nà yàrá ni. Mo ti rí i kí wọ́n fi irú ẹ̀ jẹ 4♠ tí kò yẹ kó jẹ, lẹ́yìn náà ni ẹni tó pe 2NT máa ní orí ò bá wa ṣe é.

Mi ò ní kẹ́ ẹ má pe 2NT. Ẹ jẹ́ kó ní QJ10 nínú ọ̀kan, KQ10 nínú ìkejì, tàbí 6-5, tàbí kẹ́ ẹ wà níbi tí ìṣubú ò ti wọ́n. Ìyẹn gbé wa dé ọ̀rọ̀ vulnerable.

Harold Vanderbilt ló gbé ọ̀nà tí a fi ń ka èsì báyìí kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi ní 1925, nígbà tí wọ́n ń gba Panama kọjá, vulnerable wà lára ẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá vulnerable, èrè géèmù ẹ̀ pọ̀, ìyà ẹ̀ náà pọ̀. 4♥ tó jẹ gẹ́lẹ́ jẹ́ 420 fún ẹni tí ò vulnerable, 620 fún ẹni tó vulnerable. Tí wọ́n bá dọ́bù yín tẹ́ ẹ ṣubú nígbà tẹ́ ò vulnerable, tíríìkì kan jẹ́ 100, méjì 300, mẹ́ta 500. Tẹ́ ẹ bá vulnerable, kan jẹ́ 200, méjì 500, mẹ́ta 800. Ẹ fi wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Wọ́n vulnerable, ẹ̀yin ò vulnerable: tẹ́ ẹ bá fi 4♠ ṣubú pẹ̀lú mẹ́ta nígbà tí 4♥ wọn máa jẹ, 500 lẹ san dípò 620, èrè ni. Ẹ yí i padà, ẹ̀yin vulnerable, àwọn ò vulnerable: méjì péré tẹ́ ẹ fi ṣubú ti di 500, bẹ́ẹ̀ 420 ni wọn ìbá gbà. Ọwọ́ kan náà ni o, káàdì kan ò yí padà. ♠ KQJ94 ♥ QJ1083 yẹn, ìgbàkigbà ni mo máa pè é. Ẹ sọ ọ́ di ♠ KJ974 ♥ Q10853, pẹ̀lú ♦ 4 ♣ 62 yẹn náà, mo máa pè é tí a ò bá vulnerable, tí a bá vulnerable tí àwọn ò sì vulnerable, mo máa dákẹ́ ẹnu mi.

Nǹkan tí àwọn èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ni pé ìdajì iṣẹ́ yìí wà lọ́wọ́ pátínà. Pátínà tèmi jẹ́ bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, wọn ò sì yára pè rárá nínú ọ̀rọ̀ yòókù. Ọjọ́ kan, ọwọ́ àkọ́kọ́ tí mo kọ sókè yẹn ló wà lọ́wọ́ mi, ẹni ọwọ́ ọ̀tún ṣí 1♦, mo pe 2♦, ọwọ́ òsì ní 3♦, bàbá ní 3♠ láìmí. Gbogbo wọn páàsì. Nígbà tí wọ́n ta á tán, mo rí i pé póìǹtì méje ló wà lọ́wọ́ bàbá.

“Ẹ kú iṣẹ́ o Bàbá, méje yìí lẹ fi gun ìpele kẹta?”

“Kí lo fẹ́ kí n máa kà? O ní o ní ♠ márùn-ún, èmi ní mẹ́rin, mẹ́sàn-án nìyẹn. A ♠ ń bẹ, K ♥ ń bẹ. Èwo ló ṣòfò níbẹ̀?”

Ó jẹ mẹ́sàn-án gẹ́lẹ́. Lọ́jọ́ míì, irú ọwọ́ kan náà ni mo ní, bàbá ní ♠ 752 ♥ 96 ♦ KQJ8 ♣ KJ54, mẹ́wàá, 2♠ péré ni wọ́n pè, wọ́n sì páàsì nígbà tí àwọn alátakò gun 3♦ lé wa. Mo ní ṣé kò tó ni? Wọ́n ní, “Mẹ́fà nínú póìǹtì mi wà nínú ♦ tí ìwọ ò ní ju ẹyọ kan lọ níbẹ̀. Ìwọ̀nyẹn, káàdì ìdènà ni. Àwọn ni mo ń dè.” Lóòótọ́, tẹ́ ẹ bá kà á, A ♠, A àti K ♥, A ♦, A ♣ ló máa lọ, tíríìkì mẹ́jọ ló kù, pẹ̀lú póìǹtì tó fi mẹ́ta ju ti ọjọ́ yẹn lọ.

Mẹ́sàn-án tí bàbá kà yẹn ní ìdí tó jinlẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Jean-René Vernes, ló ṣàkíyèsí pé iye tírọ́ńpù tí ẹgbẹ́ méjèèjì ní pa pọ̀ sábà máa ń sún mọ́ iye tíríìkì tí ẹgbẹ́ méjèèjì lè jẹ pa pọ̀, Larry Cohen wá tàn án kálẹ̀ ní àwọn ọdún 1990. Bí a ṣe ń lò ó lórí tábìlì ni pé tírọ́ńpù mẹ́jọ, ẹ gun ìpele kejì, mẹ́sàn-án, ìpele kẹta, mẹ́wàá, ìpele kẹrin, nígbà tí póìǹtì bá pín sí méjì láàárín yín. Pátínà tó mọ̀ pé ẹ ní márùn-ún lè ṣe ìṣirò yẹn lójú ẹsẹ̀, kó sì gun ibi tó máa gùn kí àwọn alátakò tó rí àyè sọ̀rọ̀. Èrè tó wà nínú fífi méjèèjì hàn lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá ti fi ọwọ́ kékeré hàn, ẹ dákẹ́. Kò sí ibi tí owó ti ń sọnù tó ibẹ̀. Ẹ pe 2♦, pátínà ní 2♠, wọ́n ní 3♦, ó yí dé ọ̀dọ̀ yín, inú ń bí yín, ♠ yín lẹ́wà, ẹ bá ní 3♠. Kí lẹ ní tẹ́ ò tíì sọ? Pátínà ti mọ̀ pé ẹ ní márùn-ún, tó bá ní mẹ́rin ì bá ti fò. Ó ní méjì tàbí mẹ́ta nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó sinmi.

Ó ku àwọn tó ń ṣini lọ́nà. Tí wọ́n bá ṣí 1♠, pátínà yín páàsì, alátakò kejì páàsì, tó wá jẹ́ ẹ̀yin lẹ gbẹ̀yìn, 2NT níbẹ̀ kì í ṣe minor méjì mọ́ o, ọwọ́ ńlá tó pín déédéé ni, bíi 19 sí 21. Èyí tí wọ́n pè láti ìpele kejì, 2♥ tàbí 2♠ kékeré tí wọ́n fi ń dínà, ọ̀pọ̀ máa ń fò lọ sí 4♣ tàbí 4♦ lórí ẹ̀ láti fi minor yẹn hàn pẹ̀lú major kejì, Leaping Michaels lorúkọ ẹ̀, ọwọ́ tó lágbára ni wọ́n sì ń fi ṣe é, kì í ṣe mẹ́sàn-án yín yẹn. 6-4, mẹ́fà yẹn ni kẹ́ ẹ pè, ẹ gbàgbé mẹ́rin. 6-5 ní tiẹ̀, tí mẹ́fà bá jẹ́ ♥ tí márùn-ún sì jẹ́ ♠, ẹ ṣì lè ṣe bíi 5-5 kẹ́ ẹ fi méjèèjì hàn, àmọ́ tó bá jẹ́ pé pátínà mú ♠ pẹ̀lú méjì péré torí pé ♥ ẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, ẹ má bá a jà o.